Lẹ́ǹsì Bàbá Lórí Kámẹ́rà Ọmọ: Ààyè Ló Ń Wá

Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ fótò n'Ìbàdàn ló béèrè báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Onífótò ni bàbá mi nígbà ayé wọn. Wọ́n fi lẹ́ǹsì méjì sílẹ̀ fún mi: Helios 44-2 tó wà lára kámẹ́rà Zenit wọn, àti Canon FD 50mm f/1.8. Sony a6000 ni èmi ń lò, mo sì ra adapter (òrùka tí a fi ń de lẹ́ǹsì mọ́ kámẹ́rà tí kì í ṣe tirẹ̀) fún méjèèjì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ de Helios mọ́ ọn, kámẹ́rà kọ̀ jálẹ̀, kò yà. Ọ̀rẹ́ mi kan bá mi tẹ nǹkan nínú rẹ̀, ó wá ń yà, ṣùgbọ́n ohun tó bá jìnnà kì í mọ́ rárá. Ti Canon, bó ti wù kí n yí òrùka rẹ̀ tó, ìmọ́lẹ̀ kì í dín kù. Àwọn kan ní kí n tà wọ́n, pé lẹ́ǹsì àtijọ́ máa ń ba kámẹ́rà tuntun jẹ́. Kí ni kí n ṣe?"

Àbúrò mi, ẹ kú àsẹ̀yìndè bàbá, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ má tà wọ́n. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, n kò rí àmì pé gíláàsì kankan bàjẹ́. Wàhálà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Kíkọ̀ tí kámẹ́rà kọ̀ wà nínú sẹ́tíǹgì rẹ̀, ti Canon wà lọ́wọ́ òrùka kan lára adapter, ti ohun tó jìnnà sì wà nínú ààyè. Ọ̀rọ̀ ààyè yìí ni mo máa pẹ́ lé lórí jù, torí ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n ti mọ ìdajì ohun tó wà nídìí lẹ́ǹsì àtijọ́.

Gbogbo lẹ́ǹsì ló ní ààyè tí wọ́n ti ṣírò fún un, láti ẹnu ibi tí a ti ń dè é mọ́ kámẹ́rà títí dé ojú ibi tí àwòrán ń bọ́ sí, ìbáà ṣe fíìmù, ìbáà ṣe sensor. Helios yín jẹ́ onískúrù tí à ń pè ní M42. Ààyè tirẹ̀ jẹ́ mílímítà 45.46. Ti Canon FD jẹ́ 42. Ohun tó jẹ́ kó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni díńgí tó wà nínú kámẹ́rà ayé ìgbà yẹn, èyí tó máa ń ta sókè nígbàkígbà tí bàbá yín bá tẹ bọ́tìnnì. Díńgí yẹn gbọ́dọ̀ ráyè gbéra. Sony yín kò ní díńgí kankan nínú, ààyè tirẹ̀ kò sì ju mílímítà 18 lọ. Ẹ yọ 18 kúrò nínú 45.46, ó ku 27.46. Ohun tí adapter yín jẹ́ gan-an nìyẹn: páìpù kúkúrú tí kò ní gíláàsì, tí kò ní wáyà, tó kàn ń gbé lẹ́ǹsì jìnnà sí sensor gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń jìnnà sí fíìmù nínú Zenit.

Èyí ló fi dùn mọ́ mi nínú pé FD wà nínú ogún yín. Lọ́dún 1987 ni Canon pa ìdè FD, ìyẹn ọ̀nà tí lẹ́ǹsì náà ń gbà dè mọ́ kámẹ́rà, tì, tí wọ́n gbé EOS jáde. Ààyè ìdè tuntun náà jẹ́ 44, ti FD sì jẹ́ 42, kò sì sí bí a ṣe lè ki òrùka sáàárín ohun tó ti kúrú tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lo FD lórí kámẹ́rà EOS onídíńgí, kí ohun tó jìnnà sì mọ́, ní láti ra adapter tó ní gíláàsì nínú, gíláàsì yẹn a sì máa ba àwòrán jẹ́. Bákan náà ni M42 lórí Nikon onídíńgí, torí 46.5 ni ti Nikon. Ọ̀pọ̀ lẹ́ǹsì dáadáa bẹ́ẹ̀ ló wọ àpótí. Ìgbà tí Panasonic gbé G1, kámẹ́rà tí kò ní díńgí, jáde lọ́dún 2008, tí Sony tẹ̀ lé e pẹ̀lú NEX lọ́dún 2010, ni ọ̀nà là fún wọn.

Ó yá, ohun tó jìnnà. Bí lẹ́ǹsì bá ń wo ohun tó wà nítòsí, iwájú ló máa ń rìn sí, kúrò lọ́dọ̀ sensor. Bó bá ń wo ọ̀nà jíjìn, á padà sẹ́yìn. Àmì ∞ tó wà lára òrùka ni ibi tó lè padà dé mọ. Tí adapter bá wá nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, ó ti ti lẹ́ǹsì síwájú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́ǹsì ò sì ní lè padà dé ibi tí ohun tó jìnnà á ti mọ́. Ìwọ̀n tó ń dá ìjà yìí sílẹ̀ kéré gan-an ni. Ẹ mú abala ìwé fótókópì kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ fi ìka méjì yẹ̀ ẹ́ wò. Nípọn rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà. Tí adapter Helios yín bá fi ìwọ̀n abala ìwé yẹn nípọn jù, ohun tó bá ti kọjá nǹkan bíi mítà 34 kò ní mọ́ kedere mọ́ ní f/2, ìyẹn nígbà tí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ lẹ́ǹsì bá là pátápátá. Mítà 34 kò ju gígùn bọ́ọ̀sì ńlá mẹ́ta lọ. Ẹ lè ya èèyàn inú yàrá pẹ̀lú rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà láì fura; ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e sókè òkè lẹ máa mọ̀.

Nítorí èyí ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe adapter olówó pọ́ọ́kú fi máa ń jẹ́ kó kúrú díẹ̀. Èyí tó kúrú kì í dààmú ẹni: lẹ́ǹsì á kọjá ibi tí ọ̀nà jíjìn ti mọ́, ẹ̀yin á sì kàn máa dá òrùka dúró kó tó dé òpin. Èyí tó nípọn jù ni kò gbóògùn, àfi kẹ́ ẹ pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ gbé e fún ẹni tó ní ẹ̀rọ lathe kó há a díẹ̀.

Báyìí lẹ ṣe máa mọ èyí tí tiyín jẹ́. Ẹ gun òkè Mápó láàárọ̀ kùtùkùtù, kí ooru ọ̀sán tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú kí afẹ́fẹ́ máa gbọ̀n. Ẹ kọjú sí Cocoa House ní Dùgbẹ̀. Ẹ gbé kámẹ́rà lé ohun tí kò ní mì, ẹ ṣí ihò lẹ́ǹsì sí f/2, ẹ yí òrùka fókọ́ọ̀sì títí yóò fi kọ lẹ́yìn ∞. Ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń fẹ àwòrán lójú kámẹ́rà, kẹ́ ẹ wo etí fèrèsé ilé náà. Lẹ́yìn náà, ẹ máa dá òrùka padà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wá ìkànnì rédíò. Bí etí fèrèsé bá ń mú sí i bẹ́ ẹ ṣe ń kúrò ní ∞, adapter yín ló kúrú díẹ̀. Kò sí wàhálà kankan níbẹ̀. Àmì ∞ tẹ́ ẹ ti ń gbà gbọ́ láti ọjọ́ yìí ló ń tàn yín. Ṣùgbọ́n bí fèrèsé bá ń bàjẹ́ sí i láti ìgbà tẹ́ ẹ ti kúrò ní òpin, tí kò sì mọ́ ní òpin náà gan-an, nǹkan kan ló ń ti lẹ́ǹsì síwájú jù. Ẹ yá adapter M42 mìíràn lọ́wọ́ ẹnì kan, kẹ́ ẹ tún un wò. Bó bá mọ́, ẹ ju ti àkọ́kọ́ nù.

Bí kò bá mọ́ síbẹ̀, a jẹ́ pé ẹnì kan ti tú lẹ́ǹsì náà rí. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo gbé Helios kan fún atúnṣe kan kó bá mi fọ ọ̀rá gbígbẹ inú rẹ̀. Nígbà tó dé, ó ń dán, ó ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kò rí ohunkóhun tó kọjá ojúlé kejì. Skúrù tó ń gbé gíláàsì lọ gbé e bọ̀ nínú lẹ́ǹsì ní ẹnu púpọ̀. Ẹni tó bá tú u láì sàmì sí ẹnu tó ti jáde lè dá a padà sí ẹnu tí kì í ṣe tirẹ̀. Á wọlé, á yí, ∞ á sì ti sọnù. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń dán ẹnu kọ̀ọ̀kan wò lálaalẹ́ kí n tó rí èyí tó tọ́, inú sì bí mi gidi. Látìgbà náà, n kì í gbé lẹ́ǹsì fún ẹnikẹ́ni láì kọ́kọ́ ya ohun tó jìnnà sílẹ̀, n kì í sì í sanwó láì tún yà á lójú ẹni náà.

Ti kámẹ́rà tó kọ̀ jálẹ̀ kò le. Lẹ́ǹsì òde òní máa ń fi àwọn ojú irin kéékèèké bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀. Helios ò ní ìkankan, Sony wá gbà pé kò sí lẹ́ǹsì lójú òun. Ohun tí ọ̀rẹ́ yín ṣe ni pé ó wá "Release w/o Lens" nínú mẹ́nù, ó sì sọ ọ́ di "Enable". Tí ẹ bá gbé irú lẹ́ǹsì yìí sórí Fujifilm lọ́la, "Shoot Without Lens" ni wọ́n pè é níbẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù bẹ́ ẹ bá rí i pé ibi tí nọ́ńbà f máa ń wà ti di ìlà méjì péré: kámẹ́rà ò mọ ihò tẹ́ ẹ ṣí, ìmọ́lẹ̀ tó wọlé nìkan ló ń wọ̀n. Ẹ lè yí kámẹ́rà sí A, kó máa bá yín yan ìyára ṣọ́tà. Èmi fẹ́ràn M, níbi tí ẹ̀yin fúnra yín ti ń yan ìyára, pẹ̀lú ISO Auto (kí kámẹ́rà máa dá yan bí sensor ṣe máa fi ìmọ́lẹ̀ kún àwòrán tó) jù, torí a6000 kò ní ohun tó ń gba ọwọ́ gbígbọ̀n mọ́ra nínú, A sì lè fún yín ní ìyára tó lọ́ra nígbà tílẹ̀ bá ń ṣú. Ẹ fi ṣọ́tà sí 1/160, ẹ fi ọwọ́ yan ihò lára lẹ́ǹsì, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ISO bójú tó ìyókù. Bẹ́ ẹ bá ra kámẹ́rà tí sensor rẹ̀ ń gbá ìgbọ̀n dúró lọ́jọ́ iwájú, á ní kẹ́ ẹ sọ iye mílímítà lẹ́ǹsì fún òun. 58 tó wà lára Helios gan-an ni kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀, ẹ má ṣe ìsọdipúpọ̀ kankan.

Canon wá ńkọ́? Nínú ìdí lẹ́ǹsì FD, irin tín-ń-rín kan wà tó ń pa ihò dé. Kámẹ́rà Canon ló máa ń tì í. Lórí Sony, adapter ló gbọ́dọ̀ tì í. Ìdí nìyí tí òrùka kan fi wà lára adapter FD tí wọ́n kọ OPEN àti LOCK sí. Ẹ yí i sí OPEN kẹ́ ẹ tó de lẹ́ǹsì mọ́ ọn, kẹ́ ẹ wá yí i sí LOCK lẹ́yìn tó bá ti jókòó. Ẹ tún wò ó bóyá òrùka lẹ́ǹsì náà kò há sórí lẹ́tà A aláwọ̀ ewé. Ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó dè é. Ẹ fi sí f/16, kẹ́ ẹ wo ojú lẹ́ǹsì láti iwájú. Bí ihò náà bá ti kéré bí orí ìṣó, iṣẹ́ ti parí. Bó bá ṣì là gbàgàdà, ẹ tú u, kẹ́ ẹ tún un dè. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé ìdè ẹlẹ́ẹ̀kejì ni irin náà tó bọ́ sí ipò.

Ọwọ́ ló kù báyìí, òun ló sì dùn jù nídìí iṣẹ́ yìí. Ẹ wo Helios yín dáadáa: òrùka méjì ló wà fún ihò nìkan. Èyí tó ní nọ́ńbà ń dún kẹ́kẹ́ bẹ́ ẹ ṣe ń yí i, èkejì ń yọ̀ láì dún. Ká ní f/4 lẹ fẹ́ fi yà. Ẹ fi olóhùn sí 4. Ẹ yí aláìlóhùn títí ihò á fi là pátápátá, ẹ wá fókọ́ọ̀sì pẹ̀lú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí níbi tí ihò ti là ni ojú ti ń rí ibi tó mọ́ gan-an. Bó bá ti mọ́, ẹ fi àtàǹpàkò yí aláìlóhùn padà títí yóò fi kọ. Ó ti wà ní 4 nìyẹn, ojú yín ò sì kúrò lára kámẹ́rà. Bàbá yín á ti ṣe èyí ju iye ìgbà tẹ́nikẹ́ni lè kà lọ.

Àwọ̀ pupa tí kámẹ́rà fi ń sàmì sí ohun tó mọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní peaking, dára fún ohun tó ń rìn àti fún f/5.6 sókè. Ní f/2, ẹ má fọkàn tán an, torí ó máa ń pọ́n lára ohun tí kò tíì mọ́ tán. Ẹ fi ìfẹ̀ àwòrán, Focus Magnifier, sórí bọ́tìnnì C1, torí kì í dá ara rẹ̀ ṣí fún lẹ́ǹsì tí kò bá a sọ̀rọ̀. Bẹ́ ẹ bá dúró ní mítà kan sí èèyàn pẹ̀lú Helios ní f/2, ohun tó mọ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì lọ. Mo ya ìyá kan níbi tí wọ́n ti ń di gèlè fún un. Peaking pọ́n kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lára gèlè, mo sì tẹ̀. Nígbà tí mo fẹ̀ ẹ́ nílé, fọ́nrán aṣọ òkè náà mọ́ débi pé mo lè kà á, ṣùgbọ́n ìpéǹpéjú ìyá náà ti rọ̀ bí òwú. Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo máa fẹ ojú tó sún mọ́ mi jù, mo máa yí òrùka títí irun ìpéǹpéjú á fi dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, n ó fi òrùka sílẹ̀, n ó wá máa fi ara mi rọra sún síwájú, sún sẹ́yìn. N ó mí jáde, n ó ya mẹ́rin léraléra. Ọ̀kan á mú.

Ní ti bí àwòrán rẹ̀ ṣe máa rí: sensor a6000 kéré sí fíìmù, ẹ máa fi 1.5 sọ 58 di púpọ̀, á sì máa rí bíi 87. Lẹ́ǹsì ojú èèyàn nìyẹn. Kò bójú mu fún inú yàrá kótópó. Helios ní ìwà kan tó jogún láti ara lẹ́ǹsì Biotar tí ilé iṣẹ́ Zeiss ṣe ní Jena ní Jámánì, èyí tí àwọn ará Soviet fara wé ní Krasnogorsk lẹ́gbẹ̀ẹ́ Moscow: bí ewé bá wà lẹ́yìn ẹni tẹ́ ẹ ń yà, tí oòrùn sì ń gba àárín wọn kọjá, àwọn ewé náà á máa yí ká orí ẹni náà bí omi tí wọ́n ro nínú igbá. Etí àwòrán ni yíyí yẹn ti pọ̀ jù, sensor yín sì ń gé etí náà kúrò, ẹ máa rí i níwọ̀nba. Adapter kan wà tó ń kó gbogbo rẹ̀ padà wọlé, focal reducer. Metabones gbé tirẹ̀ jáde lọ́dún 2013 pẹ̀lú orúkọ Speed Booster. Ó máa sọ 87 yẹn di bíi 62, ó sì máa fi ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po méjì kún un. Ṣùgbọ́n gíláàsì wà nínú rẹ̀, èyí tí kò dára á ba ti bàbá yín jẹ́. Ẹ má tíì ra á. Ohun tí màá ní kẹ́ ẹ rà lónìí ni ìbòrí iwájú lẹ́ǹsì, mílímítà 49, nítorí oòrùn tó bá gbẹ̀gbẹ́ wọ Helios yìí máa ń da funfun bo gbogbo àwòrán.

Ẹni tó ní lẹ́ǹsì àtijọ́ ń ba kámẹ́rà jẹ́ kò parọ́ tán, ṣùgbọ́n kì í ṣe méjì yín yìí. Iná kankan ò gba inú adapter wọn kọjá, ìdí wọn ò sì gùn dé ibi tó lè fara kan ohunkóhun. Irú lẹ́ǹsì Jupiter-12, tí gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ yọ jáde gan-an, ni kéèyàn wọ̀n kó tó dè é. Ohun àtijọ́ tó ń já mi láyà ni fláàṣì. Bí fláàṣì bàbá bá wà nínú àpótí náà, ẹ má ṣe fi sórí Sony o. Àwọn mìíràn nínú wọn ń fi iná tó lé ní 200 volt ranṣẹ́ sí ẹsẹ̀ tí kámẹ́rà fi ń pàṣẹ fún wọn, ìyẹn sì lè jó kámẹ́rà òde òní. Ẹ lè tún gbọ́ pé lẹ́ǹsì àtijọ́ ní thorium, èròjà tó ń tú ìtànṣán olóró jáde, nínú gíláàsì wọn. Òótọ́ ni nípa àwọn kan, bíi Super-Takumar 50mm f/1.4 onígíláàsì méje, tó máa ń pọ́n bí ọtí òyìnbó bó bá ti dàgbà. Mo gbé tèmi sójú fèrèsé nínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pípọ́n náà sì lọ. Kéèyàn má ṣáà fọ́ ọ, kó má sì lọ̀ ọ́. Tiyín ò sí nínú wọn.

Ọ̀tá tiyín ni fungus, irú èbu tó máa ń bo búrẹ́dì. Ẹ ṣí ihò pátápátá nínú òkùnkùn, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ wo inú láti iwájú ní ẹ̀gbẹ́. Eruku díẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Bẹ́ ẹ bá rí ohun tó là bíi gbòǹgbò tàbí òwú aláǹtakùn láti etí gíláàsì, ó ti wọlé, ẹni tó mọṣẹ́ ló máa nù ún. Ẹ yọ wọ́n kúrò nínú àpò awọ bàbá yín lónìí yìí, torí awọ máa ń mu ọ̀rinrin sára láti ìgbà òjò. Inú ike ọlọ́mọrí tó dé dáadáa ni kẹ́ ẹ fi wọ́n sí, pẹ̀lú sílíkà jẹ́ẹ̀lì tó gbẹ, kẹ́ ẹ sì máa mú wọn jáde yàwòrán.

Kẹ́ ẹ tó dé e, ẹ ka nọ́ńbà tó wà yí ojú Helios ká. Lára púpọ̀ nínú lẹ́ǹsì Soviet, ọdún tí wọ́n ṣe é ni nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́: 76 jẹ́ 1976. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ohun tẹ́ ẹ bá rí l'ókè Mápó, kẹ́ ẹ sì sọ ibi tí òrùka wà gan-an nígbà tí fèrèsé Cocoa House mú jù.